Wíwá Ìran Ará Québec Nígbà Tí Orúkọ Ìdílé Bá Ti Yí Padà

Ìbéèrè: Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ìlú Lowell ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Greenwood ni orúkọ ìdílé ọkọ mi, àmọ́ àwọn àgbà ilé wọn sọ pé Québec ní Kánádà ni baba ńlá wọn ti wá, èdè Faransé ló sì ń sọ. A wá Greenwood títí nínú ìwé àwọn ìjọ Québec, a kò rí i. Kí ni kí a ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ẹ má wá Greenwood ní Québec mọ́, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ orúkọ náà. Láàárín ọdún 1840 sí 1930, nǹkan bí 900,000 ènìyàn tí ń sọ èdè Faransé ló ti Kánádà wá sí Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ wọn sì ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ní Lowell, Manchester ti ìpínlẹ̀ New Hampshire àti Woonsocket ti ìpínlẹ̀ Rhode Island. Níbẹ̀ ni wọ́n ti túmọ̀ orúkọ wọn sí èdè Gẹ̀ẹ́sì: Leblanc di White, Roy di King, Boisvert, ìyẹn “igbó tútù”, sì di Greenwood. Boisvert ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe òótọ́ kí ìwé tó jẹ́rìí sí i, nítorí àwọn ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ń jẹ́ Greenwood.

Ìwé ìgbéyàwó ni kí ẹ máa tẹ̀ lé, kì í ṣe orúkọ ìdílé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìlú tí ẹ wà, kí ẹ wá ìgbéyàwó baba ńlá náà nínú ìwé ìjọba ìpínlẹ̀ yín, àti nínú ìwé ìjọ Àgùdà tí àwọn ará Québec ń lọ, nítorí àlùfáà tí ó gbọ́ èdè wọn sábà máa ń kọ orúkọ náà bí ó ṣe wà nílé. Ní Québec fúnra rẹ̀, àlùfáà a máa kọ orúkọ bàbá àti ìyá ọkọ àti ti ìyàwó sínú ìwé ìgbéyàwó, nítorí náà ìgbéyàwó kan ni yóò mú yín dé ìran tí ó ṣáájú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ opó ni ó tún ń lọ́kọ, orúkọ ọkọ rẹ̀ tí ó ti kú ni wọ́n sábà máa ń kọ dípò ti àwọn òbí. Ìgbéyàwó àkọ́kọ́ ni kí ẹ wá nígbà náà. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni obìnrin ń jẹ́ nínú àwọn ìwé wọ̀nyí títí dé ìwé ìsìnkú, èyí tí ó jẹ́ àǹfààní ńlá fún ẹni tí ó bá fẹ́ tọpa ìran ìyá. Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ ìrìbọmi náà: ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ni wọ́n fi Joseph ṣáájú orúkọ wọn, tí wọ́n sì fi Marie ṣáájú ti ọmọbìnrin, nítorí náà Marie Louise Rosalie lè jẹ́ ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Rosalie.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọnù ni orúkọ méjì. Ní ọdún 1665, ọba ilẹ̀ Faransé rán ẹgbẹ́ ọmọ ogun Carignan-Salières, nǹkan bí 1,200 ọkùnrin, lọ sí Québec, nǹkan bí 400 nínú wọn sì fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun a máa ní ìnagijẹ, irú bíi Lafleur tàbí Jolicoeur, tí wọ́n ń so mọ́ orúkọ bàbá wọn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà dit, ìyẹn ni pé “tí à ń pè ní”. Àwọn tí kì í ṣe ọmọ ogun náà ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀, láti ara ilẹ̀ wọn tàbí láti fi yà wọ́n sọ́tọ̀ láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan. Lẹ́yìn ìran mélòó kan, ọmọ kan lè di orúkọ àkọ́kọ́ mú, kí àbúrò rẹ̀ di èkejì mú. Nítorí náà, bí Boisvert bá sọnù mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ wá Denevers dit Boisvert, kí ẹ sì wá Joubin dit Boisvert pẹ̀lú, nítorí ìdílé tí ó ń jẹ́ Boisvert ju ẹyọ kan lọ. Orúkọ àwọn òbí méjèèjì, papọ̀, ni yóò fi ìdílé tiyín hàn.

Ẹ lè wo àwòrán àwọn ìwé ìjọ náà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí FamilySearch, ìkànnì ayélujára fún wíwá ìran. PRDH, iṣẹ́ ìwádìí lórí àwọn ará Québec àtijọ́ tí Yunifásítì Montréal bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1966, ti so ìdílé mọ́ ìdílé fún àwọn ọdún àkọ́kọ́, ó sì wúlò gan-an, àmọ́ kí ẹ tó gba ìsopọ̀ kankan gbọ́, ẹ ka ojú ìwé tí àlùfáà fi ọwọ́ kọ.