Ẹ Bi Wá: Aṣọ Sójà Yìí, Ọdún Wo Ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Fọ́tò bàbá tó bí bàbá mi kan wà nílé wa, wọn ò kọ nǹkan kan sẹ́yìn ẹ̀. Baba wọ kákí, wọ́n dé àkẹtẹ̀ tí wọ́n ká etí ẹ̀ kan sókè, nǹkan dúdú kan tó lẹ́sẹ̀ jáńgan-jàngan wà lápá aṣọ wọn, rìbọ́ọ̀nù kékeré méjì sì wà láyà. Bọ̀ọ̀dá bàbá mi ní ogun Hítílà ni baba lọ, àǹtí mi ní irọ́ ni, ogun Bìáfírà ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dìjà nílé o. Ta ló jàre nínú wọn? – Ọmọọmọ Sójà, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ẹ bá mi bẹ àǹtí yín kí wọ́n fara mọ́ ọn, ogun Hítílà ni. Nǹkan tó lẹ́sẹ̀ yẹn, aláǹtakùn ni, àmì Dìfíṣọ̀n 81 (ọ̀wọ́ sójà ńlá kan) tí àwọn òyìnbó kó jọ láti West Africa nìyẹn, dúdú ni aláǹtakùn yẹn, wọ́n wá gbé e sórí yẹ́lò. Íńdíà ni wọ́n kọ́kọ́ kó wọn lọ lọ́dún 1943 kí wọ́n tó wọ Bọ́mà. Ká ní ọ̀kọ̀ méjì tó gba inú òṣùká kọjá lẹ rí ni, Dìfíṣọ̀n 82 ni à bá sọ pé ó jẹ́, àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ níbẹ̀ náà gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni o, òṣùká, torí orí ni wọ́n fi ń ru óúnjẹ àti ọta nínú igbó yẹn, mọ́tò ò ráàyè kọjá. Ṣé ẹ mọ bárékì Árákàn tó wà l'Ápàpá? Orúkọ ibi tí wọ́n ti jà ní Bọ́mà ni wọ́n fi sọ ọ́.

Èmi tí mo bá gbé fọ́tò báyìí, mi ò kì í kọ́kọ́ wojú ẹni tó wà níbẹ̀, fìlà, apá àti àyà ni mo máa ń wò, mo sì máa ń wá ọdún tí fọ́tò ọ̀hún ò lè ṣáájú. Wọn ò dá ìràwọ̀ Bọ́mà (Burma Star, mẹ́dà àwọn tó jà ní Bọ́mà) sílẹ̀ kó tó di May 1945, nítorí náà tí ọ̀kan nínú rìbọ́ọ̀nù yẹn bá jẹ́ ti Bọ́mà, a ò lè ya fọ́tò yẹn ṣáájú ìgbà yẹn. Dìfíṣọ̀n ọ̀hún sì túká lọ́dún 1946. Tèmi, láàárín méjèèjì yẹn ni mo fi sí. Ẹ tú àpótí baba wò, bóyá irin mẹ́dà ẹ̀ wà níbẹ̀: tí ìràwọ̀ yẹn bá ní ẹnu mẹ́fà, ogun Hítílà ni, tó bá jẹ́ mẹ́rin, ogun 1914 ni, àwọn tó lọ Kamẹrúùnù.

Ìyẹn Bìáfírà ńkọ́? 1967 ni ogun yẹn bẹ̀rẹ̀, RWAFF (Royal West African Frontier Force, ẹgbẹ́ sójà tí òyìnbó kó jọ ní West Africa) tó ní igi ọ̀pẹ lórí bájì ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1960, ẹyẹ idì ló gbapò adé òyìnbó. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rí lẹ́tà R.W.A.F.F. lára fìlà, 1928 ni wọ́n tó fún wọn ní R iwájú yẹn o, ẹ má gbé e lọ sí ogun 1914.)

Ẹ tún wò ó bóyá rìbọ́ọ̀nù wà ní àyà òsì. Tó bá wà lọ́tùn-ún, ó lè jẹ́ pé wọ́n tẹ fọ́tò yẹn lódì ni, àbí kó jẹ́ pé ọmọ ló gbé ti bàbá ẹ̀ wọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Màmá mi wà nínú aṣọ ọlọ́pàá, ẹnì kan kọ 1948 sẹ́yìn ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? – Àdùkẹ́, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Kò lè rí bẹ́ẹ̀ mà. 1955 ni ọlọ́pàá Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba obìnrin. Ẹ wo adé orí bájì wọn, tí àárín ẹ̀ bá tẹ̀ wọlé, ti Ọbabìnrin Èlísábẹ́ẹ̀tì ni, tó bá yọ roboto sókè, ti àwọn ọba ọkùnrin tó wà ṣáájú ẹ̀ ni, àmọ́ ẹ fi sọ́kàn pé bájì àtijọ́ ò kúrò nílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Tí adé ò bá sí níbẹ̀ rárá, lẹ́yìn October 1963 tá a di orílẹ̀-èdè olómìnira pátápátá ni kẹ́ ẹ máa wá a sí.

ÌBÉÈRÈ: Fìlà gígùn bàbá wa tó ṣe sójà dúdú nínú fọ́tò, àwọn àgbà ní pupa ni. – Táyé, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Àwọn àgbà ló jàre. Ọ̀pọ̀ fíìmù ayé ìjelòó kì í rí pupa, dúdú ló máa ń sọ ọ́ dà, búlúù á wá funfun. Pupa sì ni fìlà fẹ́ẹ̀sì àwọn sójà RWAFF. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi áàpù kùn ún ní kọ́lọ̀, ẹ má jẹ́ kó fi dúdú sí i o.