Èsì: Gìtá tó ń kùn láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní gìtá yín ń kùn láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé, ṣé kí ẹ pààrọ̀ okùn. Ẹ má tíì pààrọ̀ okùn o. Irin inú ọrùn gìtá yẹn ni kí ẹ dẹ̀: ẹ fi kọ́kọ́rọ́ Allen (irin onígun mẹ́fà tí a fi ń yí nǹkan) yí i sọ́wọ́ òsì, ìdámẹ́rin ìyípo kan péré, kí ẹ tún okùn fà sí ohùn rẹ̀, kí ẹ tó dán an wò.

Ìyẹn tó bá jẹ́ àwọn fret (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá) ìtòsí orí gìtá ló ń kùn. Tó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo, fret ibẹ̀ ló yọrí. Ẹ gbé e fún oníṣẹ́.

Nílé iṣẹ́ tí mo ti ṣe gìtá oníná ní Kòríà, igi maple gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa ká tó gbẹ́ ọrùn. Síbẹ̀, ọyẹ́ Iléṣà á ṣì fa omi ara rẹ̀ (ọyẹ́ tó ń la ètè èèyàn!), ọrùn á nà jù, okùn á máa kan àwọn fret.

Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ ó tún yí irin inú ọrùn náà le padà ni.