Ṣé odù Ifá ni 0xFF?

Àbúrò kan tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá béèrè pé: kí ni 0x tí wọ́n ń kọ síwájú nọ́ńbà? Àti pé ṣé inú Ifá ni wọ́n ti mú 0xFF, nígbà tó jẹ́ pé odù 256 ló wà?

Ti 0x kò le. Nínú C, Java, Python àti JavaScript, ó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún la fi ka nọ́ńbà yìí, ìyẹn hex. Lẹ́tà A dúró fún 10, lẹ́tà F dúró fún 15. 0x10 wá jẹ́ 16, 0xFF jẹ́ 255; láti 0 dé 255 sì jẹ́ nọ́ńbà 256. Òdo ló ṣíwájú nítorí pé orúkọ tí a fún nǹkan nínú àwọn èdè yìí kò gbọdọ̀ fi nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀. Kọ FF lásán, orúkọ ni yóò kà á sí. Pascal ń kọ $FF ní tirẹ̀.

Ifá wàyí. Odù kan ní apá ọ̀tún àti òsì, ipele mẹ́rin ní apá kọ̀ọ̀kan, tí a tẹ ẹyọ kan tàbí méjì sí. Apá kan lè jẹ́ oríṣi 16, méjèèjì pọ̀ di 256. Àmì hex kan pẹ̀lú, bit mẹ́rin ló dúró fún; bit kan jẹ́ 0 tàbí 1. Ìṣirò kan náà ni, n kò jiyàn. Bí mo bá pe ẹyọ ní 0, tí mo pe méjì ní 1, Èjì Ogbè di 0x00, Ọ̀yẹ̀kú Méjì di 0xFF.

Ṣùgbọ́n èmi ni mo yan òdo yẹn o, Ifá kọ́. Bí ikin kan bá kù lọ́wọ́ babaláwo, méjì ló ń tẹ̀. Bí méjì bá kù, ẹyọ kan. Èwo ni òdo níbẹ̀? Ẹ tún wo ètò wọn: Ọ̀yẹ̀kú Méjì ló tẹ̀lé Èjì Ogbè gan-an, bẹ́ẹ̀ 0xFF ló kẹ́yìn gbogbo wọn. Ipò àgbà la fi to odù. Àwa Yorùbá kì í sì í fi mẹ́rìndínlógún kà. Ogún ni tiwa.

Inú ẹ̀rọ ni hex ti gbilẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ ń lo bit 12, 24 tàbí 36, tó ṣe é pín sí mẹ́ta-mẹ́ta, nítorí náà mẹ́jọ-mẹ́jọ ni wọ́n ń fi kà. IBM kéde System/360 ní 1964, wọ́n fi byte, ìyẹn àkójọ bit, sí bit mẹ́jọ, àmì hex méjì sì kájú byte kan láìṣẹ́ kù.