Kí ni súnámì ọdún 2004 ṣe fún Sri Lanka?
Èèyàn tó kú lé ní 35,000, nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù sì di aláìnílé. Ilẹ̀ ló mì lábẹ́ òkun nítòsí Sumatra, erékùṣù kan ní Indonesia, ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, ó sì ru ìgbì òkun ńlá tí à ń pè ní súnámì sókè. Omi gba nǹkan bíi wákàtí méjì kó tó dé Sri Lanka. Àkókò yẹn tó láti sá àsálà, àmọ́ Òkun Íńdíà kò ní ètò ìkìlọ̀ súnámì nígbà náà.

Ní Peraliya, abúlé kan ní etíkun Sri Lanka, ìgbì àkọ́kọ́ dá ọkọ̀ ojú irin kan dúró. Àwọn ará abúlé sá wọ inú rẹ̀, àwọn mìíràn fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ìgbì tó tẹ̀ lé e ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ dànù. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún èèyàn tó bá a lọ.

Èyí táwọn èèyàn kì í sábà mẹ́nu bà ni kànga. Omi iyọ̀ ya wọ ọ̀pọ̀ kànga etíkun, wọ́n wá ń fi ẹ̀rọ fà á léraléra. Bí wọ́n bá fà á jù, omi iyọ̀ ìsàlẹ̀ ilẹ̀ á tún ru sókè. Ó sàn kí wọ́n gbọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n kó ìdọ̀tí rẹ̀, kí òjò sì fọ ìyókù.