Èsì: Kí ló dé tí fọ́tò kékeré fi ń ṣú bàìbàì tó bá kún ojú kọ̀ǹpútà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ṣé kò yẹ kí áàpù tí a fi ń wo fọ́tò máa fẹ fọ́tò kékeré títí yóò fi kún ojú kọ̀ǹpútà. Lójú tèmi, kò yẹ. Èyí tó tóbi jù ni kó dín kù kó lè wọlé. Kó fi kékeré sílẹ̀ ní 100%, níbi tí píksẹ́lì kan (ìyẹn ẹyọ àmì àwọ̀ bíńtín tó para pọ̀ di àwòrán) nínú fọ́tò ti gba píksẹ́lì kan lójú kọ̀ǹpútà. Fọ́tò 640×480 tí wọ́n fẹ̀ dé 1440×1080, ibo ló ti fẹ́ rí píksẹ́lì tó kù? Ṣe ló máa fojú díwọ̀n àwọ̀ tó wà láàárín, ohun tó ń ṣú yẹn nìyẹn. Tí kò bá díwọ̀n, tó kàn ń tún píksẹ́lì kan náà tẹ̀, ojú èèyàn á wá dà bíi táìlì ilé ìwẹ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ibi tí súùmù (ìyẹn fífẹ fọ́tò kí a lè wò ó dáadáa) ń lọ. Mo gbé máòsì lé ojú ọmọ kan nínú fọ́tò ọdún Káyókáyó tí mo yà ní Ẹ̀pẹ́ níbí, áàpù gbé mi lọ sí àárín fọ́tò, agbádá ẹlòmíràn ni mo ń wò! Ibi tí máòsì wà ni kó fẹ̀. Tí mo bá sì kọjá sí fọ́tò tó kàn, kó má yí ìwọ̀n súùmù náà padà, kí n lè mọ èyí tí ojú ọmọ náà ti hàn kedere jù.