Èsì: Ìdí tí àwòrán 4K kò fi yàtọ̀ lójú yín
Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹ ra tẹlifíṣọ̀n 4K oní-ínṣì 65, ẹ ń wò ó láti mítà 4, ṣùgbọ́n ẹ kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín rẹ̀ àti ti àtijọ́ tí í ṣe 1080p. Àmì tíńtìntín ló para pọ̀ di àwòrán tẹlifíṣọ̀n; ti 4K jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti 1080p, wọ́n sì kéré sí i. Ojú yín kò tàn yín jẹ rárá. Lórí tẹlifíṣọ̀n tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, bí èèyàn bá ti jókòó kọjá nǹkan bíi mítà 2.6, ojú tó dá ṣáṣá pàápàá kò lè dá àwọn àmì tíńtìntín tó para pọ̀ di àwòrán 1080p mọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́, nítorí náà àmì 4K tó tún kéré sí i kò lè hàn sí i. Ẹ fa àga síwájú dé mítà 2, kí ẹ sì wo irun orí òṣèré.

Ohun tí ẹ lè rí láti ọ̀nà jíjìn ni HDR (ọ̀nà tó ń mú kí ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn nínú àwòrán yàtọ̀ síra dáadáa), nítorí pé ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ibẹ̀ ni mo fura sí jù: lórí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n, ìpele kékeré ni ojúhò HDMI (ibi tí a ń ki wáyà àwòrán àti ohùn bọ̀) wà láti ilé iṣẹ́, ẹ̀rọ tó ń gbé fíìmù jáde kò sì ní lè fi HDR ránṣẹ́ ní kíkún àfi tí ẹ bá wọ inú ètò tẹlifíṣọ̀n (settings), tí ẹ gbé ìpele náà sókè fún ojúhò tí ẹ ki wáyà bọ̀ gan-an. Wáyà HDMI tó lè gbé ìsọfúnni tó tó gígábíìtì 18 (18 Gbps) ní ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó fún fíìmù (èyí tí wọ́n fi wúrà bò kò mú àwòrán dára sí i). Ẹ pa ètò tó ń mú ìrìn àwòrán yọ̀ (motion smoothing) pẹ̀lú. Fíìmù tí a yà ní fọ́tò 24 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kò nílò rẹ̀.