Kí Ni Kí N Yọ, Kí Ni Kí N Fi Sílẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ mi ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun fún mi, Windows 11 ló wà lórí rẹ̀. Bí mo bá tàn án, ó máa ń pẹ́ kó tó ṣe tán. Àwọn géèmù tí n kò béèrè fún kún inú rẹ̀. Èyí tó wá ń dà mí láàmú jù ni ìkìlọ̀ pupa kan tó máa ń yọ ní igun ìsàlẹ̀ pé ààbò mi ti ń tán lọ, kí n yára sanwó. Ṣé kí n san án ni? Ṣé mo sì lè kó gbogbo pàǹtí yìí dànù láìba ẹ̀rọ náà jẹ́? *Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì*

Ìdáhùn: Ẹ ṣé gan-an, mà. Ẹ má san kọ́bọ̀. Kò sí ohun tó ṣe kọ̀ǹpútà yín. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ antivirus, áàpù tó ń lé fáírọ́ọ̀sì, ló ń pariwo yẹn. Àwọn tó ni irú áàpù bẹ́ẹ̀ máa ń sanwó fún ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà kí wọ́n lè bá wọn gbé e sínú rẹ̀ kó tó jáde, nítorí wọ́n mọ̀ pé tí àsìkò ọ̀fẹ́ bá pé, ẹlòmíì á sanwó. Ìpolówó lásán ni. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ìbẹ̀rù ni wọ́n fi ń polówó: àwọ̀ pupa, àmì ewu, ọ̀rọ̀ tó ń já àgbàlagbà láyà nínú ilé ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Windows ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀, Microsoft Defender. Ọ̀fẹ́ ni, bí antivirus àlejò bá sì ti kúrò, òun fúnra rẹ̀ á gba iṣẹ́ padà.

Kí ẹ tó yọ ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó ń pariwo. Bí ìkìlọ̀ yẹn bá tún yọ, ẹ má tẹ àárín rẹ̀, ẹ ka ìlà kékeré tó wà lókè rẹ̀. Bó bá jẹ́ orúkọ antivirus ló wà níbẹ̀, òun náà ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí Chrome tàbí Edge, áàpù tí ẹ fi ń wo ìkànnì, pẹ̀lú àdírẹ́sì ìkànnì kan tí ẹ kò mọ̀ rí, a jẹ́ pé ìkànnì kan ló béèrè àyè lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ kan, tí ẹ sì tẹ Allow. Kò sí antivirus tí ẹ máa yọ tí yóò pa ìyẹn lẹ́nu mọ́. Inú Settings Chrome tàbí Edge náà ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Notifications sí, kí ẹ gba àyè náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Tó bá jẹ́ antivirus ni, ẹ ṣí Settings, ẹ tẹ Apps, lẹ́yìn náà Installed apps. Ẹ tẹ àmì tó-tò-tó mẹ́ta (...) tó wà níwájú orúkọ rẹ̀, kí ẹ yan Uninstall, kí ẹ sì tún kọ̀ǹpútà tàn. Irú àwọn áàpù yìí kì í fẹ́ lọ tán. McAfee àti Norton tiẹ̀ ní irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún yíyọ ara wọn kúrò pátápátá; orí ìkànnì tiwọn gan-an ni kí ẹ ti gbà á. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ṣí Windows Security, kí ẹ rí i pé Virus & threat protection ń ṣiṣẹ́.

Àwọn géèmù, ọ̀nà kan náà. Ẹ yọ wọ́n, wọn ò ní í ṣe yín níbi.

Èyí tí ẹ kò bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má yọ ọ́. Realtek ló ń bójú tó ohùn, Synaptics sábà máa ń bójú tó pátákó tí ẹ ń fi ìka ra. Ẹ ó rí Microsoft Visual C++ Redistributable lóríṣiríṣi, 2010, 2013 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, á dà bíi pé wọ́n tún un kọ ni. Rárá o, áàpù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ní ti pípẹ́ kó tó ṣe tán, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, kí ẹ lọ sí Startup apps. Gbogbo ohun tó ń jí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀. Ẹ fi apá ọ̀tún mouse tẹ èyí tí ẹ kò nílò láàárọ̀, kí ẹ yan Disable. Áàpù náà ò kúrò, ó kàn dẹ́kun jíjí fúnra rẹ̀ ni, ẹ sì lè dá a padà nígbàkúgbà. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn ọ̀nà yìí fún ẹni tí kò dá lójú.

OneDrive, áàpù Microsoft tó ń kó fáìlì sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nìkan ni kí ẹ fara balẹ̀ fún. Ó lè jẹ́ pé òun ló ń tọ́jú Desktop àti Documents yín láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Fáìlì tó bá ní àmì ìkúùkù lára, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, kò sí nínú ẹ̀rọ. Ẹ fi apá ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yan Always keep on this device, kí ẹ dúró títí àmì náà á fi di àwọ̀ ewé. Ẹ da àwọn fáìlì náà kọ síbòmíì kí ẹ tó pa OneDrive.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ṣé àwọn áàpù yìí léwu lóòótọ́, àbí wọ́n kàn ń gba àyè ni? *Akẹ́kọ̀ọ́*

Ìdáhùn: Àbúrò, ọ̀pọ̀ wọn kàn ń gba àyè ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. Ní 2014, Lenovo bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn kọ̀ǹpútà kan tí áàpù ìpolówó Superfish ti wà nínú wọn. Kó lè ráyè ti ìpolówó bọ inú ojú ìwé ìkànnì, ó fi ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ rọ́pò ti ìkànnì tó ní ààbò, títí kan ti báǹkì; ìwé ẹ̀rí yìí ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ̀ pé ìkànnì kì í ṣe ayédèrú. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan náà tí wọ́n fi ń ṣe ìwé ẹ̀rí yẹn ló sì wà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì 2015, àwọn onímọ̀ ààbò ti tú kọ́kọ́rọ́ náà fó, ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ náà lè ṣe bíi pé òun ni báǹkì rẹ. Ẹni tó kàn yọ áàpù náà kò tíì bọ́, nítorí ìwé ẹ̀rí yẹn ṣì wà nínú Windows. Àfi ìgbà tí Lenovo gbé irinṣẹ́ jáde, tí Microsoft náà sì fi Defender palẹ̀ méjèèjì mọ́. Bí o bá ra kọ̀ǹpútà àlòkù tí o kò mọ ohun tó ti gbà kọjá, má ṣe máa yọ áàpù lọ́kọ̀ọ̀kan. Gba Media Creation Tool lórí ìkànnì Microsoft, fi gbé Windows sórí flash tó tó 8 GB, kó fáìlì rẹ pamọ́ síbòmíì, kí o sì fi Windows tuntun sínú kọ̀ǹpútà náà.